Ọgọ́rùn-ún Ebè Lọ́yà Lásún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀nà Tẹ̀dé lọ sí Ofiki rí, ẹ ó ti rí pátákó ńlá kan tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀bá títì, níbi tí ọ̀nà ti yà wọ ìlú Ìdí-Igbá. Àwòrán ọkùnrin kan ló wà lára rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo apá Ìbàdàn bí ẹni pé ìjókòó kan ń dúró dè é níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà gùn débi pé ẹni tó kun pátákó kò ráyè kọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sí i mọ́. Màá kọ orúkọ náà síbí lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí n kò ní agbára àtikọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: Ọnọ́rébù Lọ́yà Alhaji Ọlásúnkànmí Mákánjúọlá, Ìmọ́lẹ̀ Òkè-Ògùn, Ẹnu-Tí-Kóòtù-Ń-Gbọ́, Igbákejì Gómìnà Lọ́la Bí Ọlọ́run Bá Fẹ́. Àwa ará ìlú ń pè é ní Lọ́yà Lásún. Tó bá ti kọjá tán ni a máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lásún ti lo sáà méjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ohun tó ṣe níbẹ̀, ẹ má bi mí. Mo gbọ́ pé ó dìde sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ọba kékeré ni. Mọ́tò mẹ́rin ló ń bá a wọ̀lú lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wọn ló sì ń han gooro bí ìgbà tí ilé ń jó. Ó ti pàṣẹ pé adìẹ kankan kò gbọdọ̀ dá títì kọjá tí òun bá ń bọ̀, nítorí adìẹ kan ti mú kí mọ́tò òun dúró rí, ìdúró náà kò sì yẹ ipò òun. Ẹni tó bá fẹ́ kí i nílé, ètò wà fún un. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwòrán tó wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà kó kí àga Ọnọ́rébù, tí wọ́n dé fìlà lé lórí nígbà tí Ọnọ́rébù kò bá sí lórí rẹ̀, kó tó wá kí Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Tó bá sín, ẹnì kan á ṣàdúrà, àwọn yòókù á ṣe àmín. Tàgbà tèwe ló sì ń pè ní "ìwọ", títí kan ìyá arúgbó tó bá ìyá tó bí i ṣeré. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ìbò, kò sí ẹni tó dàgbà ju òun lọ mọ́.

Tíṣà Rótìmí ló ń bójú tó gbogbo ètò yìí. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kó lè ráyè máa yin Lásún láti àárọ̀ dalẹ́. Ohùn rẹ̀ dùn, ó lọ sókè, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn títí tí olúwa rẹ̀ á fi rò pé òun gan-an ni wọ́n ń yìn.

Ohun tó sọ Lásún dẹni ńlá kò ju ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Lọ́dọ̀ wa níbí, nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, gbogbo oko ló ń fẹ́ ebè iṣu lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà la ṣe ń ṣe àáró. Lónìí, gbogbo wa á lọ sí oko rẹ, oníkálukú á kọ ọgọ́rùn-ún ebè. Lọ́jọ́ mìíràn, a ó lọ sí oko tèmi, lẹ́yìn náà sí ti ẹlòmíràn, títí á fi kan gbogbo ẹni tó wá. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tirẹ̀ tán ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú lọ sí oko tó kàn, òun ló ń kọ ebè mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbẹ̀ kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá wá, àáró dúró nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ kò ní láti wá sí oko wa láéláé, ṣùgbọ́n á bọ́ wa yó lọ́jọ́ náà, iyán àti ẹran, kò sì gbọdọ̀ ṣahun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ìdí-Igbá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bàṣírù ṣubú lórí igi, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n ti ṣe àáró tirẹ̀ tán, ó ku oko ẹnì kan tí òun kò tíì lọ, oko Alhaji kan tó rí jájẹ. Bàṣírù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba lébìrà dípò ara òun. Alhaji kọ̀, ó pè é lẹ́jọ́, ó sì gba lọ́yà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ òfin dé pẹ̀lú aṣọ dúdú tó tóbi jù ú lọ. Lásún nìyẹn. Ó na ọwọ́ sókè ní kóòtù ìbílẹ̀, ó pariwo pé ẹnikẹ́ni kò lè fi owó san àáró, ẹnikẹ́ni kò lè fi lébìrà san án, pé àìsàn kò gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ipò kò sì gba èèyàn sílẹ̀, bó ti wù kí ẹni náà ga tó. Ọgọ́rùn-ún ebè ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi kọ ọ́. Kóòtù gbà fún un.

Bàṣírù lọ kọ ebè náà pẹ̀lú ìbàdí tó yẹ̀. Lásún dúró lábẹ́ agboòrùn létí oko, ó ń ṣọ́ ọ kó má baà dín ọ̀kan kù. Nígbà tó di ọ̀sán, Mùyìbátù ìyàwó Bàṣírù gbé iṣu sísun wá fún ọkọ rẹ̀. Lásún dá a padà. Ó ní ìdájọ́ kóòtù kò mẹ́nu ba oúnjẹ.

Ọdún kẹta rèé tí Bàṣírù ti kú. Ibà ló pa á, n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Lásún gbé ìwé ìdájọ́ náà sínú férémù aláwọ̀ wúrà, ó fi kọ́ sókè àga rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé, Tíṣà Rótìmí á ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́ níbi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Òfin sì wà: bí Tíṣà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró láàárín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a dúró. Lásún á dijú, á máa mi orí. Ohun tí ìwé náà sọ kò wọ̀ ọ́ létí mọ́ láti ọdún gbọọrọ wá, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ níbẹ̀.

Nígbà tó di ọdún yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ń wá ẹni tí yóò ṣe igbákejì fún ẹni tó ń du ipò gómìnà. Wọ́n ní Òkè-Ògùn ló kàn. Orúkọ méjì ló kù lọ́wọ́ wọn: Lásún, àti Ìyáàfin Àtinúkẹ́ ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní àwọn á wá wo ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé, bóyá àwọn aráàlú fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ahọ́n àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé Lọ́yà Lásún kò mọ ibi tí wọ́n ń gbá mú lára ọkọ́.

"Rótìmí!" Lásún pè láti orí àga.

"Ìmọ́lẹ̀ Òkè-Ògùn!"

"Mo fẹ́ di àgbẹ̀."

"Ẹ ti di àgbẹ̀, sà! Láti inú oyún lẹ ti ń ṣe é bọ̀!"

"Mo fẹ́ kó jẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Ilẹ̀ mi tó wà lẹ́bàá títì yẹn, mo fẹ́ kí ebè kún un bámú. Tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá dé, kí wọ́n bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, kí gbogbo wọn máa làágùn nítorí mi."

"A ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, sà. Màálù méjì, iyán, ìrẹsì àpò mẹ́ta..."

Lásún jókòó dáadáa. "Màálù? Màálù tó wà láàyè?"

"À á kọ́kọ́ pa á ni, sà."

"Ṣé kò sí irú rẹ̀ tí kò ní màálù nínú ni?"

Tíṣà Rótìmí wúkọ́. "Àáró ni kò ní màálù, sà. Oníkálukú ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n nínú àáró, sà..."

"Àáró!" Lásún lu apá àga gbàà. "Ohun tó sọ mí di lọ́yà! Ta ló mọ àáró jù mí lọ ní ìpínlẹ̀ yìí?"

"Kò sí, sà, kò sí rárá. Mo kàn fẹ́ sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe tiyín tán..."

"Rótìmí."

"Sà."

"Ṣé o fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ tíṣà?"

Tíṣà Rótìmí gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tó bá ti mí ẹfun ṣọ́ọ̀kì símú fún ọgbọ̀n ọdún ló mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe ń dunni tó.

Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn mọ́kànlélógójì ṣe péjọ sẹ́bàá títì ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Kí èrò lè pọ̀ sí i, Lásún ní kí àwọn dírẹ́bà òun, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ òun, àwọn ọlọ́kadà ìdíkọ̀ àti Tíṣà Rótìmí fúnra rẹ̀ mú ọkọ́ kí wọ́n wọlé sí i. Òun náà dé pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun irin rẹ̀, wọ́n sì fi àrán pupa we èkù rẹ̀ kó má baà ta á lọ́wọ́. Oníròyìn rédíò kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Mùyìbátù opó Bàṣírù jáde síwájú. Ìyá Sódìq là ń pè é, obìnrin tó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó ń dá oko ọkọ rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí ọkọ ti kú. Sódìq ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Sókótó, kì í wálé lásìkò ebè.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọnọ́rébù. Ẹ má bínú pé mo bèèrè. Ṣé ọ̀wẹ̀ lẹ bẹ̀ wá ni àbí àáró?"

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ Lásún nínú. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ oníròyìn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú fún yín, nítorí ó tó ogójì ìṣẹ́jú. "Obìnrin yìí bèèrè, èmi náà á sì dáhùn! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ọmọ àgbẹ̀, èmi tí mo jẹ iṣu kí n tó jẹ búrẹ́dì! Ṣé èmi ni màá fi ẹran tan yín wá sóko? Láéláé! Àáró ni! Àáró gidi, bí àwọn baba wa ṣe ṣe é! Mo sọ ọ́ lójú ayé, mo sọ ọ́ létí rédíò, àáró ni, àáró ni, àáró ni!"

"A ti gbọ́," ni Mùyìbátù wí. Ó so gèlè rẹ̀ mọ́rí dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí alága àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ́sàn-án, ó yọ gíláàsì dúdú lójú kó lè ríran dáadáa. Ebè tò lọ rẹrẹ títí dé ìdí àpáta. Ọlọ́pàá ń kọ ebè. Ọlọ́kadà ń kọ ebè.

"Lọ́yà, èló lẹ san fún gbogbo èèyàn yìí?"

"Kọ́bọ̀ kan, n kò san! Ìfẹ́ ni!"

"Kí lẹ wá fún wọn jẹ?"

"Kò sí nǹkan kan!"

Alága mi orí títí. "Ìfẹ́ yìí mà pọ̀ o." Ó fà á mọ́ra, ó ní kó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́bọ̀ méjì sí òní, ní aago méjì ọ̀sán, níbi tí wọ́n á ti ka orúkọ igbákejì. Ó ní ẹni tí kò bá sí ní ìjókòó lọ́jọ́ náà, kó má retí pé wọ́n á ka tirẹ̀. Lásún kò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ayọ̀ kò jẹ́. Ó ní kí wọ́n tún pátákó kùn, kí wọ́n pa "Lọ́la" rẹ́ lára orúkọ òun.

Ọjọ́ Àìkú ni Mùyìbátù wá sílé rẹ̀. Ilé kún fún àwọn tó wá kí i kú oríire. Mùyìbátù kí àwòrán, ó kí àga bí ètò ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lásún kò sí lórí rẹ̀, orí tìmùtìmù ló wà tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́. Ó wá kúnlẹ̀ kí òun náà.

"Ọnọ́rébù, oko tèmi ló kàn. Èmi ni wọ́n fi síwájú, nítorí ẹ̀gbẹ́ àpáta ni oko mi wà, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ le tí òjò bá dáwọ́ dúró. Mo wá pè yín kẹ́ ẹ wá ṣíwájú wa lọ́la."

Lásún wò ó. "Kí n ṣíwájú lọ síbo?"

"Lóko mi ni, sà. Ọgọ́rùn-ún ebè."

Lásún rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ṣíwọ́, wọ́n ṣíwọ́. Ó mú owó jáde lápò, ó jù ú síwájú obìnrin náà. "Gbà, kí o fi gba lébìrà. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ."

"Lébìrà ò sí, sà. Gbogbo ọwọ́ ló wà lóko lásìkò yìí. Ọjọ́ kan tó yẹ ká fi ran ara wa lọ́wọ́, ẹ̀yin la fún." Mùyìbátù kò pariwo, kò sì fọwọ́ kan owó náà. "Ẹ̀yin ni gbogbo wọn ń wò. Tẹ́ ẹ bá yẹ àáró, oníkálukú á gba oko rẹ̀ lọ, á máa dá tirẹ̀ kọ. Èmi nìkan, mélòó ni mo lè dá kọ kí ilẹ̀ tó le? Èèbù mi ti wà nílẹ̀. Tí n ò bá rí i gbìn lọ́dún yìí, jíjẹ la ó jẹ ẹ́, kò sì sí èyí tí màá gbìn lẹ́ẹ̀mìíì. Oko Bàṣírù ti parí nìyẹn."

"Rótìmí, sìn ín jáde."

Mùyìbátù dìde. Ó ṣa owó náà nílẹ̀, ó gbé e sórí àga tó dé fìlà. "Mo fún àga," ló wí. "Ẹ ṣáà ní kí n kí i."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí kóòtù ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi wo òmùgọ̀ ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n mú ìwé ìpẹ̀jọ́ dé, ńṣe ni inú Lásún ń dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti wọ kóòtù kẹ́yìn, pé kí aráàlú wá fojú rí ẹni tó fẹ́ ṣe igbákejì gómìnà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ aṣọ dúdú, ó dé irun funfun tí àwọn adájọ́ ìlú ńlá ń dé, nínú ooru Ìdí-Igbá, ní kóòtù tí ewúrẹ́ máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì irú èèyàn tí òun jẹ́, ó ní kí wọ́n sọ férémù wúrà kalẹ̀ lára ògiri, kí Tíṣà Rótìmí gbé e tẹ̀lé òun wọ kóòtù.

Ààrẹ kóòtù ni Alhaji Ismaheel, bàbá tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí Mùyìbátù sọ tẹnu rẹ̀. Ó sì jẹ́ kí Lásún sọ tirẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, pé ayé ti lajú, pé ẹni tó bá níṣẹ́ ìlú lọ́wọ́ lè fi owó rọ́pò àáró, pé ipò òun ga ju ebè lọ. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ irun funfun náà wọ̀ ọ́ lójú.

"A ti gbọ́, Lọ́yà," ni Alhaji Ismaheel wí. "Kí ni Tíṣà gbé dání yẹn?"

Lásún fọwọ́ gbá àyà. "Ìdájọ́ tó gbé mi dé ibi tí mo dé ni, ẹ̀yin àgbà kóòtù. Nínú kóòtù yìí gan-an ni wọ́n ti dá a."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Tíṣà, ẹ kà á fún wa."

Tíṣà Rótìmí wo Lásún. Orí Lásún ti wú, ó ti dijú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Tíṣà fa ohùn rẹ̀ yọ.

"Lọ́yà Ọlásúnkànmí Mákánjúọlá, tó dúró fún olùpẹ̀jọ́, sọ fún kóòtù pé ẹnikẹ́ni kò lè fi owó san àáró!"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Lásún pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ́ wọn lára.

"Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè fi lébìrà san án!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lásún la ojú kan.

"Ó ní ipò kò gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kí ẹni náà ga tó!"

"Rótìmí," ni Lásún wí, "ó tó."

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá Tíṣà dúró láàárín. Mo sì rò nínú ara mi pé Tíṣà Rótìmí kò kà á dùn tó báyìí rí láti ọjọ́ tó ti ń kà á. Ó ka ti ọgọ́rùn-ún ebè, ó ka ti ọwọ́ ara rẹ̀, ó kà á dé ibi òǹtẹ̀ kóòtù. Àtẹ́wọ́ tó kẹ́yìn, gbogbo kóòtù ló pa á, títí kan àwọn tó dúró lójú fèrèsé.

"Kóòtù yìí kò ní ohun tuntun tó fẹ́ sọ," ni Alhaji Ismaheel wí. "Lọ́yà ti sọ ọ́ tán láti ọdún méjìdínlógún. Ní ọjọ́bọ̀, kí aago méje tó lù, kẹ́ ẹ wà lóko Ìyá Sódìq. Ọgọ́rùn-ún ebè. Lẹ́yìn ìyẹn, oko àwọn yòókù bó bá ṣe kàn wọ́n."

Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni ọjọ́ Ìbàdàn.

Lásún ronú títí. Tó bá kọ̀, wọ́n á ní ó tàpá sí kóòtù, ẹgbẹ́ kò sì ní fojú kan án. Ó wá pinnu pé òun á tètè dé oko, òun á kọ gbogbo rẹ̀ tán kí aago mẹ́wàá tó lù, mọ́tò á sì sáré gbé òun lọ. Ọgọ́rùn-ún ebè, kí ló le níbẹ̀? Obìnrin ń kọ ọ́.

Ní aago mẹ́wàá, ebè mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Àrán pupa ti já kúrò lára ọkọ́, ọ̀dà wúrà ti bó, ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò. Àwọn ogójì yòókù dúró létí oko pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń dúró dè é, nítorí lẹ́yìn ebè mẹ́wàá tirẹ̀ ni tiwọn á bẹ̀rẹ̀. Lásún ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ké sí dírẹ́bà.

"Wa mọ́tò wá! Ìbàdàn!"

Dírẹ́bà kò mira. "Sà, èmi náà kọ ọgọ́rùn-ún lóko yín. Ọjọ́ karùn-ún sí òní ló kan oko bàbá mi. Tẹ́ ẹ bá lọ, àáró mi lọ."

"Ọlọ́pàá! Gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ọlọ́pàá ń wo ojú ọ̀run. "Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wọlé sí i."

Lásún sáré bá àwọn ọlọ́kadà. Gbogbo wọn jókòó lórí ọkadà wọn, ọkọ́ lórí itan, wọ́n ń mi orí. Kò sí ẹsẹ̀ kan tó lè gbé e kúrò ní Ìdí-Igbá lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú àáró rẹ̀. Òun ló kó gbogbo wọn wọ̀ ọ́.

Ó padà sídìí ebè. Nígbà tó di aago méjì ku díẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Alága ni.

"Lọ́yà, ibo lẹ wà? A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o."

"Mo wà lóko, ẹ̀yin àgbà," ni Lásún wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo wà láàárín àwọn èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á láìsí mi."

"Àwọn tó fẹ́ràn yín yẹn náà? Ẹ fún ọ̀kan nínú wọn ní fóònù, kó jẹ́rìí yín."

Mùyìbátù ló sún mọ́ ọn jù. Ó gba fóònù, ó nu erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. "Ẹ káàsán o, sà. Ẹ má bínú, kò lè wá. Kóòtù ló rán an wá síbí. Ebè mọ́kànlá ló tíì kọ, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì ti wó."

Alága bú sẹ́rìn-ín, a sì gbọ́ tí ó ń tún un sọ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," ló wí, ó sì pa fóònù.

Rédíò kékeré tó wà nínú mọ́tò Lásún ló sọ ìyókù fún wa. Ìyáàfin Àtinúkẹ́ ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n kà. Tíṣà Rótìmí ya ẹnu, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ Òkè..." ó sì dúró síbẹ̀. Ó tẹ̀ lé àwọn tó ń mú ọkọ́. Lásún jókòó lórí ebè kan, ebè náà wó lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìdí rẹ̀, èmi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò lè rín in lásìkò yẹn.

Mùyìbátù lọ sídìí iná tó wà lábẹ́ igi. Ó ha ojú iṣu sísun kan mọ́, ó bu epo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Lásún wo iṣu náà. Ó gbójú sókè.

"Ìyá Sódìq," ló wí, "ẹ... ẹ ṣeun, mà."

"Kóòtù ò mẹ́nu ba oúnjẹ lónìí náà," ni Mùyìbátù wí. "Èmi ni mo mẹ́nu bà á. Ẹ jẹun."

Ó jẹ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú epo, ó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ. Mùyìbátù dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán, ó gba àwo, ó wá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti ọ̀kan nínú àwọn ebè tó wó.

"Àwọn márùn-ún yìí, ẹ tún wọn kọ. Èèbù ò lè dúró nínú wọn."

Lásún fọwọ́ nu ẹnu, ó sì mú ọkọ́. Ó ku mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, ó sì ku ogójì oko lẹ́yìn ìyẹn. Ọlọ́pàá yẹn kò ní oko tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ti ń wá ilẹ̀.